Ìbátan àti Ìbágbé: Àwọn Ọmọ Tí A Bí sí Gánà àti Àwọn Onímọ̀ Àṣà Kẹta

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ọmọ tí ó ń ti ilẹ̀ kan dàgbà dé òmíràn ti fi ẹnu kò, pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ilé kan pàtó, pé kì í ṣe àṣà àwọn òbí rẹ̀ ni ó jogún, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ, bí kò ṣe àṣà kẹta kan tí òun àti àwọn ọmọ arìnrìn-àjò ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní. Ruth Useem ni ó kọ́kọ́ fún un lórúkọ, lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti wo ìgbésí ayé àwọn ará Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Íńdíà ní àwọn ọdún 1950. David Pollock àti Ruth Van Reken sì sọ ọ́ di odindi ìwé ní 1999. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ míṣọ́nnárì, ọmọ ológun àti ọmọ aṣojú ìjọba ni wọ́n wò, àwọn ọmọ tí owó ọkọ̀ àbọ̀ wọn ti wà nílẹ̀ kí baba wọn tó gbéra, tí wọ́n sì wá fi ohun tí ojú àwọn wọ̀nyí rí ṣe òfin fún gbogbo ọmọ tí ó bá kọjá ibodè. Kánò ni Van Reken fúnra rẹ̀ ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ilẹ̀ wa kò ṣàjèjì sí i. Èyí ni ó mú kí ó dùn mí jù pé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn kò sí nínú òfin náà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí àṣẹ náà bá wí ni ó jẹ́ Yorùbá, láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìníṣà àti Ẹ̀jìgbò, àwọn tí wọ́n ti ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ ní Kumasi, Tamale àti Akra láti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast. J. S. Eades kọ ìwé lórí wọn ní 1993, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò lè fò dá. Ṣùgbọ́n ọjà, òwò àti ìjọba ni ó jẹ ẹ́ lógún, gẹ́gẹ́ bí àkọlé rẹ̀ ti fi hàn. Èmi ń béèrè ọmọ. Àwọn òbí tí wọ́n lé bọ̀ ń bọ̀ wálé. Àwọn ọmọ tí wọ́n dì mọ́ ẹrù nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ń kúrò nílé. Kwara tí púpọ̀ nínú wọn dé sí, ìpínlẹ̀ ọdún méjì péré ni òun náà nígbà náà, ogun abẹ́lé kò sì tíì parí.

Ohun méjì ni ó ń sọ ọmọ di ẹni tí ó jẹ́, mo sì bẹ òǹkàwé kí ó fara balẹ̀ bá mi gbé wọn yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dúró lé. Mo pe èkíní ní ìbátan: agboolé, oríkì orílẹ̀, ilà ojú bí ó bá wà, ẹ̀tọ́ sí yàrá kan àti sí ìpín ilẹ̀ kan, ohun tí ó ti wà nílẹ̀ de ọmọ kí ó tó ké igbe àkọ́ké, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò sí nílé. Mo pe èkejì ní ìbágbé: ohùn tí etí ọmọ gbọ́ ní àdúgbò, oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀, àwàdà tí ó lè dá kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ọ̀nà àbùjá láti ilé dé ọjà, àti mímọ ìgbà tí ìdákẹ́ àgbà jẹ́ ìbínú yàtọ̀ sí ìgbà tí ó jẹ́ àárẹ̀ lásán. Ọmọ tí kò kúrò nílé rí kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n, nítorí pé ìyàwó ilé kan náà tí ó ń kì í ní òwúrọ̀ ni ó ń bu ẹ̀kọ fún un, ẹnu kan náà sì ni ó fi ń bá a wí. Ibodè ni ó ń la àárín wọn.

Ẹ wo bí ó ti rí ní Kumasi. Àwọn òbí mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ ilé nù ti sọ àpò ìyà kọ́, nítorí náà wọ́n náwó, wọ́n nára lórí ìbátan: ẹgbẹ́ ìlú ń ṣe ìpàdé, olórí Yorùbá wà ní Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, èrè ọjà sì ń lọ sílé láti di ilé alámọ̀ tàbí olókùúta tí ẹni tí ó ni ín kò tíì sùn nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìbágbé kò gbọ́ ti ẹgbẹ́ ìlú. Láàárín àwọn ọmọ Ashanti àti ọmọ Hausa ni ọmọ náà ti ń ṣeré, èdè méjèèjì sì ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu kí baba rẹ̀ tó mọ̀. Àgbà ń wí pé àjò kì í dùn kí onílé má relé; òótọ́ ni fún baba. Ọmọ ńkọ́? Ilé tí baba ń rè gan-an ni àjò àkọ́kọ́ tí ọmọ lọ.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Odò ní Tanke, ní Ìlọrin níhìn-ín, aláṣọ, tí wọ́n bí sí Kumasi, tí ó sì ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n dé. Orúkọ rẹ̀ kò kàn wá; oríkì rẹ̀ ni Àṣàkẹ́, èyí tí àìmọye obìnrin ń jẹ́. Ó sọ fún mi pé ní Kumasi, ìyá òun nìkan ni ó ń pe òun bẹ́ẹ̀, ní alẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti pa ilẹ̀kùn ìsọ̀ dé, tí òun fi rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni láàárín àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí wọ́n wọ agboolé ní Ìlọrin, ìyá àgbà kan ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “Àṣàkẹ́ o!”, obìnrin mẹ́ta sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà láti inú yàrá mẹ́ta. Òun nìkan ni kò dáhùn. Títí di òní, bí ó bá ń ka owó, ẹ fetí sí ẹnu rẹ̀ dáadáa, *baako, mmienu, mmiensa* ni ó ń sọ lábẹ́lẹ̀. Bí àgbàlagbà bá sì ń kọjá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì a kanlẹ̀, ju ti ọmọ rẹ̀ tí ó bí tí ó sì tọ́ ní Tanke lọ, nítorí pé Kumasi ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀rù pé yóò gbàgbé.

Pollock àti Van Reken yóò ní obìnrin yìí kò ní ibì kankan. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Ibì kan wà tí ó jẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó lóyún rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta kí ó tó dé. Ohun tí kò ní ni ìmọ̀ ibẹ̀. Ibi tí ó sì ní ìmọ̀ rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ sí i mọ́. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ méjì pínyà yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní nǹkan rárá, ìwòsàn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan. Mo gbà pé ẹnì kan kì í ṣe ìlú, pé ẹni tí ó dé ní ọmọ ọdún mẹ́ta àti ẹni tí ó dé ní mẹ́rìndínlógún lè má rí bákan náà, àti pé ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin tí wọ́n fà sí ìdí àdògán tètè rí ìbágbé tuntun ju ọmọkùnrin lọ.

Ọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther fẹ́ fà mí lọ níhìn-ín. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní ọdún kejì, kò sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ títí di 1846 ní Abẹ́òkúta. Ìbátan náà kò kú, bí ìbágbé kò tilẹ̀ sí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá ni ó sì yí sí ẹ̀sìn tí ọmọ kọ́ ní Sáró, kì í ṣe ọmọ ni ó padà sí ti ìyá. Èyí tó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà fi sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó alágbàtọ́ ní Kent àti Essex láti àwọn ọdún 1950, tí Adewale Akinnuoye-Agbaje fi ti ara rẹ̀ ṣe sinimá ní 2018: níbẹ̀, ìbágbé nìkan ni ọmọ rí, ìbátan di orúkọ tí kò mọ̀ ọ́n pè.

Ṣùgbọ́n kí ni mo ń wá lọ sí Essex, nígbà tí Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú ẹlẹ́ṣin, wà níbí? Ìdílé Ṣéhù Àlímì, Fúlàní ni wọ́n. Láti orí ọmọ rẹ̀ Abdulsalami ni oyè ẹ́míà ti wà lọ́wọ́ wọn. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ìbágbé gba ahọ́n, ìbátan di oyè mú, ó sì ti tó igba ọdún tí èkíní kò gbé èkejì mì, tí ẹnikẹ́ni kò sì dìde láti sọ pé àwọn wọ̀nyí kò nílé. Ohun tí odindi ìlú lè fara dà fún igba ọdún, n kò rí ìdí tí a ó fi pè é ní àrùn lára ọmọ kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi sì yá láti sọ pé àṣà kẹta náà kò sí. Ohun tí wọ́n rí ni ìbágbé tí ìbátan kò sí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n wò kò ní agboolé ní Amẹ́ríkà tí ń dè wọ́n.

Èyí kàn wá ní Tanke ju bí a ti rò lọ. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìlọrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí ọgbà ńlá rẹ̀ ní 1982 ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní ìhà yìí, ilé tí a kọ́ fún ayálégbé. Ẹbí olùkọ́ àti ti akọ̀wé sì ti ń kó láti inú wọn lọ sí Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọmọtọmọ. Baba ti Kumasi kọ́lé sílé kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ilé. Baba ti Tanke ń ta ilẹ̀ àti mọ́tò rẹ̀ kí ó lè rí owó físà. Bí ìjọba kan lọ́hùn-ún bá pa irú àṣẹ Busia lọ́la, Àṣàkẹ́ ti rí agboolé tí a ti ń pe orúkọ rẹ̀ wọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin, yàrá tí a ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún ni wọn yóò sì wọ̀. Àwọn ni ìwé 1999 náà yóò bá mu wẹ́kú, nítorí yàrá tí baba wọn tà, kì í ṣe nítorí ibodè tí wọ́n kọjá.