Àga Tó Ṣófo Kò Dín Owó Oṣù Olùkọ́ Kù

Òfin ìpìlẹ̀ Texas ti ọdún 1876 gbé ẹrù ilé-ìwé ọ̀fẹ́ lé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí. Ojúṣe ni, kì í ṣe sàráà. Owó ìpìlẹ̀ tí ìpínlẹ̀ náà fi ń ṣírò ti akẹ́kọ̀ọ́ kan di 6,160 dọ́là lọ́dún ní 2019, kò sì kúrò lójú kan títí di 2025, bẹ́ẹ̀ ọjà ti fi ohun tó lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí. Nígbà tí gómìnà Greg Abbott wá buwọ́ lu òfin tuntun ní Oṣù Kẹfà 2025, dọ́là 55 péré ni wọ́n fi kún un. Ká má purọ́, òfin náà kó nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.5 dọ́là wá, àwọn olùkọ́ sì rí nínú rẹ̀. Àmọ́ owó ìpìlẹ̀ gan-an kò ra ohun tó ń rà ní 2019 mọ́.

Èyí tó burú jù ni bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ. Texas kì í sanwó lórí iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, ìpíndọ́gba iye tó ń wá sí kíláàsì ló ń wò. Ẹ wo kíláàsì ọmọ 25 kan ní Houston tí ibà dá méjì dúró sílé: olùkọ́ ṣì wà níwájú pátákó, ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń kùn, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè sì ti gba ọ̀nà tó máa ń gbà láàárọ̀. Owó tó ń wọlé nìkan ló dín. Ọmọ ta ló sì ń pa ilé-ìwé jẹ jù? Ti ẹni tí owó ilé ń lé kiri, ti ẹni tí kò ní mọ́tò, ti ẹni tí kò rí dókítà lásìkò. Nínú Houston ISD, tó ń darí ilé-ìwé ìjọba ìlú náà, ọmọ tó ti ilé aláìní wá ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ìṣirò tó dà bíi pé kò ṣe ojúsàájú wá ń gé owó níbi tí àìní ti pọ̀ jù.

Wọ́n á ní Houston kì í ṣe tálákà. Lórí ìwé ni. Ilé gogoro àwọn ilé-iṣẹ́ epo ló gbé owó-orí dúkìá rẹ̀ ga débi tí òfin 1993, tó tẹ̀lé ẹjọ́ Edgewood ti 1989 lórí owó ilé-ìwé, fi ní kó dá owó padà fún ìpínlẹ̀. Èrò òfin yẹn, pé kí agbègbè olówó ran agbègbè aláìní lọ́wọ́, dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé òrùlé ló ń wò, kì í wo ikùn ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ òjìji rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe owó, ìṣàkóso ni. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n láti 1 Oṣù Kẹfà 2023 ni ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gba àkóso Houston ISD, tó sì fi Mike Miles ṣe alábòójútó. Ẹni tó ti gba ọkọ̀ wà kò lè máa fi awakọ̀ àná ṣe àwáwí pé epo kò tó. Owó kúkú wà: ní 2025 kan náà, bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn òbí tó fẹ́ ilé-ìwé aládàáni lọ́wọ́. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ mọ ohun tí ìpinnu láti náwó sórí ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ ń náni: owó-orí ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 17 Oṣù Kìíní 1955.

Ilé aṣòfin Texas yóò tún jókòó ní Oṣù Kìíní 2027. Kí àwọn aṣojú Houston bèèrè ohun méjì níbẹ̀: kí wọ́n máa ka ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, kí owó ìpìlẹ̀ sì máa bá ọjà rìn.