Ìwé Àṣẹ Tó Dé Lẹ́yìn Ìbọn: Ọ̀ràn Àwọn Ẹranko Ohio

 Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Tógò, ẹni tó bá so kìnnìún mọ́ ẹ̀yìnkùlé, àdúgbò á ti pé lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, títí di ọdún 2012, kò sí òfin ìpínlẹ̀ tó ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Ìpínlẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ département tiwa. Préfet kì í ṣòfin. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún ní gómìnà àti ilé aṣòfin tirẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, Gómìnà Ted Strickland, tó ń kúrò lórí oyè, fọwọ́ sí àṣẹ pàjáwìrì: ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi pé ó fìyà jẹ ẹranko kò gbọdọ̀ sin ẹranko búburú mọ́. John Kasich tó gba ipò rẹ̀ kò sọ àṣẹ náà dọ̀tun nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní oṣù Kẹrin.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, nítòsí ìlú Zanesville, ọkùnrin kan tí wọ́n ti dá lẹ́bi irú ẹ̀sùn yẹn ní 2005 ṣí ilẹ̀kùn àgò àwọn ẹranko rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀. Ẹranko 56 ló ní. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ilé àwọn èèyàn wà nítòsí, àwọn ọlọ́pàá kò sì ní oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹranko sùn. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yìnbọn pa 48. Kìnnìún 17 àti tigre 18 wà lára àwọn tó kú. (Mo kọ ọ́ ní tigre nítorí pé ẹkùn tiwa tó-tò-tó ni lára, èyí ní ìlà, ilẹ̀ Éṣíà ló sì ti wá.) Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bú àwọn ọlọ́pàá. Èmi ò bá wọn bú wọn. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kìnnìún ń rìn kiri nínú òkùnkùn, kó ṣe sùúrù?

Mẹ́fà tí kò kúrò nínú àgò ló yè: ẹkùn mẹ́ta, ọ̀bọ méjì, béárì kan. Ẹkùn kan tún kú ní ọgbà ẹranko. Ní oṣù Karùn-ún 2012, opó ọkùnrin náà gba márùn-ún tó kù padà. Òfin ìwé àṣẹ kò tíì sí.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 5, Kasich fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí òfin náà. Láti ọdún 2014, ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ní àgò tó lágbára, kó fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré sábẹ́ awọ ẹranko náà, kó sì ní asíráńsì láti 200,000 dọ́là dé mílíọ̀nù kan. Òjòlá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa náà wà nínú òfin, bó bá gùn tó nǹkan bíi mítà 3.66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn olówó ẹranko gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní kóòtù ẹ̀bẹ̀ ní 2014.

Ti gbogbo orílẹ̀-èdè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù Kejìlá 2022 ni Joe Biden tó fọwọ́ sí òfin tó ní kí aládàáni má ṣe sin kìnnìún, tigre tàbí ẹkùn nílé mọ́. Àwọn tó ti ní tẹ́lẹ̀ ní títí di oṣù Kẹfà 2023 láti forúkọ wọn sílẹ̀.