Ta Ló Ń Mú Àsìkò Dání?

A kó ẹrù wa ní Ìkòròdú, a gba Ìtòíkin, a dé Ẹ̀pẹ́ fún òde ìgbéyàwó. Gìtá kan, ẹ̀rọ ìlù kan, looper kan, àti bàbá alágogo wa. Looper, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pẹ́dálì tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni: á gba ohun tí o ta sílẹ̀, á wá máa tún un kọ láìdúró. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí looper àti ẹ̀rọ ìlù fi pínyà. Ọ̀kan ń lọ sí Ìjẹ̀bú, èkejì ń lọ sí Èkó. Agogo bàbá ló kó wa yọ.

Kí ló fà á? Ìṣirò ni. Tí ìlù bá ń lọ ní bíìtì 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, bíìtì 16 á gba ìṣẹ́jú àáyá 8. Ká ní ẹsẹ̀ wa pẹ́ díẹ̀ lórí pẹ́dálì, bí ìdá kan nínú ìdá 20 ìṣẹ́jú àáyá. Ta ló máa gbọ́ ọ? Àmọ́ gbogbo ìgbà tí looper bá tún orin náà kọ ni àṣìṣe yẹn ń lé sí i. Tó bá fi máa yí nígbà 20, ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko rẹ̀yìn. Bíìtì méjì nìyẹn!

Àwọn tó ṣáájú ò ní wàhálà yìí. Ní 1973, Brian Eno àti Robert Fripp gbé àwo (No Pussyfooting) jáde. Ẹ̀rọ tó ń lo téèpù méjì ni wọ́n so pọ̀, tí ohùn gìtá fi ń lọ tó ń bọ̀. Kò sí onílù níbẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tí looper wọn máa bá jà.

Ẹ̀rọ ìlù ló dá ìjà sílẹ̀. Kálukú ilé iṣẹ́ ló ní èdè tirẹ̀, títí di oṣù kìíní 1983, nígbà tí wọ́n so Prophet-600 ti Sequential mọ́ Jupiter-6 ti Roland níbi àfihàn kan ní California, tí wọ́n sì jọ dún. MIDI ni wọ́n pe èdè yẹn. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kan á di ọ̀gá, á máa ta àwọn tó kù lólobó ní ìgbà 24 láàárín bíìtì kan, á sì sọ ìgbà tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n á dúró.

Ọdún 1983 yẹn náà ni King Sunny Adé gbé Synchro System jáde. Ẹ wo orúkọ! Gìtá rẹpẹtẹ, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ń rìn pọ̀ láìsí wáyà kankan tó so wọ́n mọ́ra.

Ẹ̀pẹ́ tí a lọ gan-an mọ èyí tipẹ́. Ibẹ̀ ni ilé Ligali Mukaiba, olórin àpàlà. Nínú àpàlà, àgídìgbo ń tẹ́ ilẹ̀, ìlù ń sọ̀rọ̀, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń mú àsìkò dání. Olórin ni ọ̀gá lójú èrò, àmọ́ òun náà ń fetí sí agogo. Alágogo sì lójú. Tí ẹni tí wọ́n ń kì bá ń jó bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí olórin bá fa oríkì gùn, ó rí i, ó sì mọ bó ṣe máa gbà fún un. MIDI ò lójú.

Nígbà tí a padà sí Ìkòròdú, a fi wáyà MIDI so looper mọ́ ẹ̀rọ ìlù. Ìyẹn parí ìjà àwọn méjèèjì, torí looper ò ní í padé mọ́ àfi lórí bíìtì. Ó wá ku ta ni ọ̀gá. A kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìlù ṣe é, a fi gbohùngbohùn sí bàbá létí. Wọ́n lù ú láìṣìnà, ṣùgbọ́n ojú wọn ò sí lára ẹni tó ń jó mọ́. Wáyà nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

A ti yí i padà. Bàbá ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwa á fi ẹsẹ̀ tẹ bíìtì wọn sínú ẹ̀rọ, looper á tẹ̀ lé e. Tó bá wá kan oríkì, a máa ń pa ẹ̀rọ méjèèjì. A pàdánù gìtá alápò mẹ́rin tí looper ń fún wa, ìyẹn dùn wá díẹ̀. Àmọ́ ẹni tí a ń kì á tún rí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ òun.