Nígbà tí Táyà Bẹ̀rẹ̀ sí í Ha Irin Mọ́tò

 

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ti wọ mọ́tò rí, tó kún fọ́fọ́, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, tí ẹ wá ń gbọ́ gìrìrì, gìrìrì lábẹ́ ìjókòó yín nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá bọ́ sí kòtò? Lẹ́yìn náà, òórùn rọ́bà tó ń jó á gba inú mọ́tò. Ní kékeré mi, mo gbọ́ ọ lójú ọ̀nà Kétu. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wo ìdí táyà, ó ní kò sí nǹkan, ó tún wọlé. A kò tí ì dé ibi tí à ń lọ tí táyà náà fi bẹ́. Orí ló kó wa yọ. Ẹrù tó wà lórí mọ́tò pọ̀ débi pé mọ́tò náà kò lè sáré. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè pé: ta ló fi irin sítòsí táyà tó bẹ́ẹ̀?

Irin tí mò ń sọ ni èyí tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bo táyà lórí. Àwọn awakọ̀ wa ń fi èdè Faransé pè é ní garde-boue, ìyẹn ni ohun tó ń dá ẹrẹ̀ dúró. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní ìbòrí táyà.

Mọ́tò àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní in. Ní 1886, Karl Benz ará Jámánì gba ìwé àṣẹ fún mọ́tò tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò náà ní, ẹsẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́. Kò sí ìbòrí kankan lórí wọn. Ta ni táyà fẹ́ bá jà?

Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ wọ inú rọ́bà. Ní 1888, ọkùnrin ará Sikọ́tíláǹdì kan tó ń gbé ní Belfast, ní Áíláńdì, gba ìwé àṣẹ fún táyà oníafẹ́fẹ́. John Boyd Dunlop ni orúkọ rẹ̀. Oníṣègùn ẹran ni, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ó fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gùn rọ̀ ọ́ lára. (Ẹlòmíràn, Robert William Thomson, ti ronú kan irú táyà bẹ́ẹ̀ ní 1845, ṣùgbọ́n ayé ti gbàgbé rẹ̀.) Ní 1889, William Hume gun kẹ̀kẹ́ tó ní táyà Dunlop níbi eré ìje ní Belfast. Àwọn ènìyàn rí bí táyà náà ṣe sanra, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Hume gba ipò kìn-ín-ní. Ẹ̀rín tán.

Ẹ fi ọkàn sí èyí. Nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ fi táyà tuntun náà sí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, kò wọ̀. Irin méjì tó gbá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú ti fún jù. Rọ́bà líle tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ní láti mú irin náà fẹ̀ sí i. Irin ló yẹ̀ fún táyà.

Ní 1895, àwọn Michelin, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Faransé, gbé táyà oníafẹ́fẹ́ sórí mọ́tò, wọ́n sì fi bá àwọn ẹlòmíràn sáré láti Paris dé Bordeaux àti àbọ̀. Táyà ń jò lemọ́lemọ́. Wọn kò borí, ṣùgbọ́n wọ́n padà dé. Bí táyà afẹ́fẹ́ ṣe wọ inú mọ́tò nìyẹn.

Láti 1908 dé 1927, ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà ṣe mọ́tò Model T tó lé ní mílíọ̀nù 15. Táyà iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 3, ti ẹ̀yìn tó íńṣì 3 àti ààbọ̀. Ẹ to ìka ọwọ́ yín mẹ́rin pọ̀: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ìbòrí táyà rẹ̀ dá dúró bí agboòrùn. Ó ga, ó jìnnà sí táyà, bóòtù ni wọ́n fi dè é. Bí ó bá tẹ̀, ẹ tú u, ẹ fi òòlù nà án, ẹ dè é padà.

Ṣùgbọ́n táyà ń sanra lọ. Ní nǹkan bí 1923, Firestone gbé táyà fífẹ̀ jáde, èyí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò le, kó lè tu ènìyàn lára. Láti àwọn ọdún 1930, àwọn tó ń ṣe mọ́tò sì ń pa ìbòrí táyà pọ̀ mọ́ ara mọ́tò, kó lè dùn ún wò. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní 1945, kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun fi di ara kan ṣoṣo. Táyà tó ń jókòó lábẹ́ agboòrùn wá ń gbé inú yàrá. Yàrá náà ní ògiri, ó ní àjà. Wọ́n tún ṣẹ́ etí irin rẹ̀ sínú, bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ, kí irin pẹlẹbẹ náà lè le. Etí yìí ni táyà ń kàn bí ó bá gòkè. Ọ̀bẹ ni fún táyà, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí rọ́bà ti fẹ́lẹ́ ju ibi tó ń tẹ ilẹ̀ lọ.

Àwọn eléré ìje kò fẹ́ etí yìí rárá, nítorí táyà fífẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú fún wọn. Ní oṣù kẹwàá 1972, ilé iṣẹ́ Porsche ní Jámánì gbé mọ́tò Carrera RS lọ sí àpéwò ní Paris. Irin àárín táyà rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 6 níwájú, íńṣì 7 lẹ́yìn. Òfin eré ìje kò gbà kí táyà yọ síta láìní ìbòrí. Wọ́n tún ìbòrí ẹ̀yìn rọ, wọ́n jẹ́ kó wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè. Òfin tún ní wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe 500 irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kó tó lè wọ eré. Wọ́n ṣe ju 1,500 lọ, torí àwọn olówó ń rà á.

Ẹni tí kò ní owó Porsche wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n a máa mú igi róbótó tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á kì í sáàárín táyà àti etí irin, wọ́n á rọra ti mọ́tò síwá sẹ́yìn. Igi ń yí, ó ń tẹ etí náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ mọ́ irin. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ mú ọ̀dà ibẹ̀ gbóná, kó má baà sán. Àwọn mìíràn kàn ń gé e. Irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ níbẹ̀, ti ìta àti ti inú. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ kò jó wọn pọ̀ padà, omi á wọlé, ìpẹtà á jẹ ẹ́ tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mọ́tò tó gbé wa lójú ọ̀nà Kétu, Peugeot 504 ni, oníjókòó ìpele mẹ́ta. Ní 1968 ni 504 kọ́kọ́ jáde ní Faransé. Ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà, ní 1975 náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe mọ́tò ọ̀lẹ: 504 borí nínú eré ìje Safari ní Kẹ́ńyà ní 1975 àti 1978, nínú ẹrẹ̀ àti òkúta. Àyè wà nínú ìbòrí táyà rẹ̀. Kí ló wá dé tó ń ha?

Ní Belfast àti lọ́dọ̀ Porsche, táyà ló tóbi. Ní tiwa, táyà kò tóbi, mọ́tò ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ títí irin fi bá táyà. Ẹni tó bá gé irin náà, ẹrù ọ̀la á tún tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó kù.

Ojú lásán lè rí i. Bí mọ́tò bá ń ha láìrù ẹrù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ táyà tó fẹ̀ jù ni wọ́n fi sí i. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ti ṣẹ́, tàbí kí mọ́tò ti kọlu nǹkan rí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ẹrù nìkan, ẹ fi ọwọ́ kan abẹ́ ìbòrí náà nígbà tí mọ́tò bá dúró, tó sì ti tutù. Ibi tí táyà ti ń hà á á máa dán bí owó tuntun, lúbúlúbú rọ́bà dúdú á sì mọ́ yín lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ náà, awakọ̀ wa pààrọ̀ táyà. Ó ṣa òkúta kan, ó lu etí irin náà wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ká wọlé. Ẹrù kankan kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi di apá mi mú títí a fi délé.