Ta Ló Láṣẹ Láti Ta Ilẹ̀ Ẹbí? Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Òfin Tó Wà Nídìí Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko ní Ìjàyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, iye tí wọ́n ń ta éékà kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè tó lè gbà á sílẹ̀ yàtọ̀: ta ló ń ta ilẹ̀ náà, àṣẹ ta ló sì fi ń tà á?

Olórí ẹbí ni òfin kà sí alábòójútó ilẹ̀ ẹbí. Òun ló sábà máa ń dàgbà jù nínú ìdílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àgbà ẹbí tí òfin ń sọ ni àwọn tó ń ṣojú ojúlé tàbí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti hu ewú.

Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, tí wọ́n dá ní 1959, ni àwọn adájọ́ ṣì ń tọ́ka sí. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ lórúkọ ẹbí láìgba àṣẹ àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró, àfi tí wọ́n bá tètè lọ sílé ẹjọ́ láti fagi lé e. Bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni, kódà kí gbogbo wọn tẹ̀ka. Tí olórí ẹbí bá wá tà á bíi dúkìá ara rẹ̀, òfo náà ni. Èyí ló ń dun oníbàárà jù, torí ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i gan-an ló fọwọ́ sí i.

Aṣojú ni ẹni tí ẹbí rán. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kó jẹ́. Tó bá kọjá rẹ̀, ẹbí lè kọ̀ ọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá gbọ́ sí i, tí wọ́n sì ná owó náà, ó máa le kí wọ́n tó sọ pé àwọn ò mọ̀.

Ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney, ìwé ìránṣẹ́ ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara ní 1993 pé òun nìkan kì í gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Baálẹ̀ lè ṣe ẹlẹ́rìí, ìyẹn ò sọ pé ó rọ́pò olórí ẹbí. Bí ẹni tó ń tẹ̀ka ò bá mọ̀wé, kí wọ́n ka ìwé náà fún un lédè rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀.