Ìṣákọ́lẹ̀ Ń Wọlé, Oko Ńkọ́? Ìtàn Ìjábọ̀ Lórí Lílo Ìhùmọ̀

Ní Àgọ́-Àrẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, àlejò tí wọ́n bá fún nílẹ̀ dáko mọ̀ pé òun yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ kì í dí onílẹ̀ lẹ́nu. Bí igbó bá gba ilẹ̀ ọ̀hún, yóò béèrè pé, "Ṣé ẹ ò dáko níbẹ̀ mọ́ ni?" Irú ìbéèrè yìí ni òfin ti ń bi onípátẹ́ǹtì láti ọjọ́ pípẹ́.

Pátẹ́ǹtì ni ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun láṣẹ pé, fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é tàbí kó tà á láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjábọ̀ lórí lílò ni àlàyé tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ń gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ò ń ṣe é níbí, àbí ńṣe lò ń kó o wọlé, àbí o kàn jókòó tì í?

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Lọ́dún 1474, ìlú Venice ṣòfin pé ẹni tó bá hùmọ̀ ohun tuntun, tó sì ṣe é débi tó ṣeé lò, òun nìkan ni yóò ni ín fún ọdún 10. Òfin Faransé ti 1844 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọdún 2 bá kọjá tí onípátẹ́ǹtì kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí kò sì ní àwíjàre, ẹ̀tọ́ náà bọ́. Bó bá ń ṣe ọjà náà nílẹ̀ òkèèrè, tó wá ń kó o wọ Faransé, ó bọ́ bákan náà. Àdéhùn Paris ti 1883 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ló dẹwọ́ òfin ìkówọlé yìí. Ní 1907, Gẹ̀ẹ́sì náà ṣòfin tó lè gba pátẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń lò ó jù. Nígbà tí wọ́n tún Àdéhùn Paris ṣe ní The Hague lọ́dún 1925, wọ́n fàyè gba ọ̀nà mìíràn, èyíinì ni àṣẹ tipátipá: kí ẹlòmíràn máa lo ìhùmọ̀ náà, kó sì máa sanwó fún ẹni tó ni ín.

Íńdíà àti Fọ́ọ̀mù 27

Ní 1959, Adájọ́ Rajagopala Ayyangar jábọ̀ fún ìjọba Íńdíà pé àjèjì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú pátẹ́ǹtì ilẹ̀ náà, àti pé a kò lo ohun tó lé ní 90 nínú 100 wọn níbẹ̀ rárá. Òfin Pátẹ́ǹtì 1970 tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ̀. Abala 146 ní kí onípátẹ́ǹtì máa jábọ̀, inú Fọ́ọ̀mù 27 ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí.

Ní oṣù Kẹta 2012 ni fọ́ọ̀mù yìí fi agbára rẹ̀ hàn. Ilé iṣẹ́ Natco fẹ́ ṣe Nexavar, oògùn jẹjẹrẹ tí Bayer ní pátẹ́ǹtì lé lórí. Ohun tí Bayer fúnra rẹ̀ kọ sínú Fọ́ọ̀mù 27 wà lára ẹ̀rí tí P. H. Kurian, ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì, fi dájọ́. Ó fún Natco láṣẹ tipátipá. Oògùn tó ń ná aláìsàn ní ohun tó lé ní rupee 280,000 lóṣù wá sí 8,880, Natco sì ń san ìdá 6 nínú 100 owó tó ń pa fún Bayer. Wọ́n sọ ọ́ di 7 lẹ́yìn náà.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í kọ fọ́ọ̀mù náà dáadáa, ìyẹn ló mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamnad Basheer gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga Delhi ní 2015. Wọ́n yí fọ́ọ̀mù náà padà ní 2020. Ní 2024, ìjábọ̀ ọdọọdún di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta.

Nàìjíríà

Láti 1925, ẹni tó bá fẹ́ pátẹ́ǹtì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Òfin Pátẹ́ǹtì àti Bátànì ti 1970 ló fòpin sí ìyẹn. Ọdún 20 ni pátẹ́ǹtì ń lò, bí ẹni tó ni ín bá ń san owó ọdọọdún. Òfin náà fàyè gba àṣẹ tipátipá bí wọn kò bá lo ìhùmọ̀ tó ṣeé lò ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún 4 tí wọ́n ti kọ̀wé béèrè tàbí ọdún 3 tí wọ́n ti gbà á, èyí tó bá pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n kò sí Fọ́ọ̀mù 27 nínú rẹ̀.

Ibòmíràn ni Nàìjíríà ti ń béèrè. Òfin 1979 tó dá àjọ ìjọba tó ń bójú tó gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí NOTAP, ní kí wọ́n fi orúkọ ìwé àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 60. Owó tó ń jáde ni ìyẹn ń ṣọ́. Kò kan ìhùmọ̀ tó sùn sílé.

Ká ní wẹ́dà kan ní Àgọ́-Àrẹ fẹ́ máa ṣe ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ kan tí pátẹ́ǹtì wà lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣe jáde. Yóò kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ìyẹn bá kọ̀, ilé ẹjọ́ ló kù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá ẹ̀rí pé wọn kò lò ó. Ìṣákọ́lẹ̀ ń wọlé sápò ìjọba lọ́dọọdún. Ẹni tó fẹ́ roko ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọgbó, lọ wò ó bóyá ebè kankan wà níbẹ̀.