Hana, Dul, Set ní Ṣàngó-Ọ̀tà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà, mo gbọ́ tí àwọn ọmọdé tó ń kọ́ taekwondo ń ka "hana, dul, set": ení, èjì, ẹ̀ta ni lédè Kòréà. Bí olùkọ́ bá ní "charyot!", wọ́n á dúró ṣánṣán.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èdè yìí ti jìyà rí. Láti 1910 dé 1945, Japan ló ń ṣàkóso Kòréà. Nígbà tó yá, wọ́n lé èdè onílẹ̀ kúrò nílé ìwé. Ọdún 1955 ni wọ́n sọ ìjà náà ní taekwondo: ẹsẹ̀, ẹ̀ṣẹ́, ọ̀nà. Lónìí, èdè náà ni wọ́n fi ń pàṣẹ ìjà kárí ayé.

Èmi náà jẹgba nílé ìwé torí pé mo sọ Yorùbá. Mo ní kí ọmọ kan ka ení, èjì dé ogún. Ó dé ẹ̀wá, ó dúró.

"Ó tán síbẹ̀, sà."

Ará Kòréà ò jẹ́ kí tiwọn tán. Àwa ńkọ́?